Wọ́n wá Ìlá, wọ́n rí ọbẹ̀ ilá

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe ìtumọ̀ òwe tàbí ìtàn orúkọ, gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe níbí. Mo fẹ́ sọ bí ènìyàn ṣe lè kọ nǹkan síta gbangba lórí ayélujára, tí nǹkan náà yóò sì pamọ́ bí ẹni pé inú àpótí ni a tì í mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi, ó sì dùn mí. Àwọn àgbà ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará ìyókù lọ́gbọ́n. Èmi ni mo jìn sí i. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè wa, ẹ wá kọ́gbọ́n.

Ní ọdún 2016, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọkùnrin làǹtìlanti. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ ni ó pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ gba ìkíni ni, àṣé ẹkún ni ó wà lọ́fun rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, oríkì Ìlá tí mo kà fún ọmọ mi lọ́jọ́ náà, ṣé tiwa ni? Àgbàlagbà kan tó jókòó níbẹ̀ ní kì í ṣe tiwa, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín.”

Mo ní kí ó kà á sí mi létí. Ó kà á. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ tiwa, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé àárín, ó ti yà sí ìlú mìíràn. Ẹnìkan ti da oríkì ìlú méjì pọ̀, ó sì fi orúkọ Ìlá sí i lórí. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, níbo lo ti rí èyí?” Ó ní orí Google ni. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ tẹ “oriki ila” sí fóònù òun, ọbẹ̀ ilá ni ó kún ojú rẹ̀, ilá pẹ̀lú ògúnfe, ilá pẹ̀lú ẹja, kí òun tó wá bá èyí tí òun kà yìí pàdé. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní: “Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí ẹ kò kọ ọ́ síbì kan?”

Mo ti kọ ọ́. Ó ti di ọdún kẹjọ nígbà náà tí mo ti kọ ọ́.

Ìyá mi, tí í ṣe ìyá àgbà ọmọ yìí, ni ó ni oríkì náà lẹ́nu. Kò sí ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà ní agbolé wa tí wọn kì í ránṣẹ́ pè é sí. Kí ó tó papò dà ní 2007, mo gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, mo sì fi ọwọ́ mi dà á kọ sínú ìwé. Ní 2008, mo dá ojú òpó kékeré kan sílẹ̀ lórí ayélujára ní ìrántí rẹ̀. Mo gbé oríkì náà síbẹ̀, mo kọ ìtàn Ìlá Ọ̀ràngún síbẹ̀, mo sì fi ohùn rẹ̀ pẹ̀lú. Ní kúkúrú, ọmọ yìí wá ohùn ìyá àgbà rẹ̀ káàkiri ayé, ohùn náà wà níta, kò sì rí i. Oríkì olóríkì ni wọ́n fi kí ọmọ rẹ̀ káàbọ̀ sáyé.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo jókòó ti kọ̀ǹpútà mi, mo ṣe ara mi bí àjèjì tí kò mọ ibi tí ojú òpó mi wà. Mo tẹ “ila”. Mo rí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté ní Amẹ́ríkà, International Longshoremen's Association, tí ìgékúrú orúkọ wọn jẹ́ ILA. Mo rí International Law Association, ẹgbẹ́ àwọn amòfin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1873. Mo rí ẹ̀yà kan ní orílẹ̀-èdè Zambia tí wọ́n ń jẹ́ Ila, àti ìlú kékeré kan tí ó ń jẹ́ Ila ní ìpínlẹ̀ Georgia. Mo sì rí ilá tí a ń rẹ́ sínú ìkòkò. Ìlú Ọ̀ràngún kò sí nítòsí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ èdè Yorùbá ti mọ ohun tí ó fà á. Ìlá, orúkọ ìlú wa, ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ni. Ilá inú ọbẹ̀, ohùn àárín àti ohùn òkè. Ilà tí a ń kọ sójú, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ìlà tí a fà sórí ìwé, ohùn ìsàlẹ̀ méjèèjì. Bí a bá ti bọ́ àmì ohùn kúrò lára wọn, gbogbo wọn di “ila” kan ṣoṣo. Fóònù tí ọmọ mi ń lò kò sì ní ibi tí yóò ti rọrùn fún un láti tẹ àmì ohùn. Ó tilẹ̀ máa ń fẹ́ sọ “Orangun” di ọsàn òyìnbó fún un.

Mo wá tẹ “Ila Orangun”. Ó sàn díẹ̀, nítorí pé orúkọ Ọ̀ràngún kò wọ́pọ̀ láyé. Ṣùgbọ́n ìṣòro mìíràn wà níbẹ̀. Ọ̀ràngún méjì ni ó wà. Ìtàn wa sọ pé Ọ̀ràngún, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Odùduwà, ti Ifẹ̀ wá, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì gbé ní Ìlá Yàrá. Nígbà tí ó yá, ìjà oyè láàárín àwọn ọmọ ọba pín ìlú sí méjì: ọ̀kan di Ìlá Ọ̀ràngún, èkejì di Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún. Láti ọdún 1991 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, inú ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ìlá ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlá, Òkè-Ìlá sì ni ti Ìfẹ́dayọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn Ìgbómìnà yòókù, bí Ọ̀mù-Àrán, Òrò, Ajàṣẹ́-Ìpo àti Èṣìẹ́, wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara, nítorí pé ààlà tí àwọn òyìnbó fà sáàárín Àríwá àti Gúúsù gba àárín wa kọjá. Ẹni tí kò mọ ìtàn yìí lè mú ewé láti ìhín, kí ó mú egbò láti ọ̀hún, kí ó sì pè é ní oríkì Ìlá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ mi nìyẹn.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ nípa wa ni mo ń rí. Mo rí ìwé John Pemberton àti Funso Afolayan lórí ipò ọba ní Ìlá, tí ó jáde ní 1996. Ìwé gidi ni, iṣẹ́ ọpọlọ àti sùúrù ni. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ìlá fi èdè Yorùbá kọ kò sí nínú ohun tí mo rí, bẹ́ẹ̀ èmi alára mọ̀ pé ó wà, èmi ni mo kọ ọ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé lórí bí ẹ̀rọ ìwádìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín bí ó ti yé mi. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ìkíní, ó ń rìn láti ojú-ewé kan dé èkejì nípa títẹ̀lé ìjápọ̀ tí ó wà lórí wọn. Ìkejì, ó ń ka ọ̀rọ̀ tí ó bá níbẹ̀, ó sì ń tò ó pamọ́ bí ẹni to ìwé sí ilé ìkàwé. Ìkẹta, nígbà tí ẹnìkan bá béèrè nǹkan, ó ń pinnu èyí tí yóò kọ́kọ́ fà jáde. Larry Page àti Sergey Brin tí wọ́n dá Google sílẹ̀ ní 1998 fi ọgbọ́n kan kún un: wọ́n ní bí ojú-ewé kan bá fi ìjápọ̀ tọ́ka sí òmíràn, ẹ̀rí ni ó ń jẹ́ fún un, ẹ̀rí ẹni tí àwọn mìíràn ti jẹ́rìí sí sì wúwo ju ti ẹni tí a kò mọ̀ lọ. Lónìí, ohun tí ẹ̀rọ náà ń wò ti pọ̀ ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ṣì wà lára wọn.

Nígbà tí mo fi ojú yìí wo iṣẹ́ mi, mo rí ẹ̀ṣẹ̀ mi ní kedere.

Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní: àwòrán ni mo gbé síbẹ̀. Mo ya fọ́tò ìwé tí mo fọwọ́ kọ, nítorí pé mo fẹ́ kí àwọn ènìyàn rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, mo sì fi kásẹ́ẹ̀tì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ènìyàn lè ka fọ́tò, etí ènìyàn lè gbọ́ ohùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ ni ẹ̀rọ ìwádìí fi ń mọ ohun tí ó wà lójú-ewé, n kò sì tẹ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ní ojú rẹ̀, òfìfo ni ojú-ewé ìyá mi.

Ẹ̀ṣẹ̀ kejì: fọ́ńtì. Ìtàn Ìlá tí mo tẹ̀, fọ́ńtì àtijọ́ kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, irú èyí tí a máa ń dà kọ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn nígbà náà. Àwọn tí wọ́n ṣe é yọ lẹ́tà mìíràn kúrò, wọ́n sì ya ẹ àti ọ sí ipò rẹ̀. Lójú tèmi, “Ọ̀ràngún” ni mo rí. Ohun tí ó wà nísàlẹ̀ ni àmì ajé-kún-iyẹ̀ tí kò ní ìtumọ̀ ní èdè kankan. Ẹni tí kò bá ní fọ́ńtì náà, jágbajàgba ni yóò rí. Ẹ̀rọ ìwádìí kò sì ní fọ́ńtì. Nọ́ńbà tí ó wà lẹ́yìn lẹ́tà ni ó ń kà.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹta: àkọlé. Gbogbo ojú-ewé mi ni ó ní àkọlé kan náà, “Ẹ káàbọ̀ o”. Ìwà ọmọlúàbí ni láti kí àlejò káàbọ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá Ìlá tí yóò tẹ “Ẹ káàbọ̀ o”? Àkọlé ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ wò, òun sì ni ó máa ń gbé síwájú ẹni tí ó ń wá nǹkan. Mo tún ti kó orúkọ ìlú ogójì sínú àpò kan tí ó fara sin lẹ́yìn ojú-ewé, tí a ń pè ní “keywords”, nítorí ẹnìkan sọ fún mi pé àṣírí rẹ̀ nìyẹn. Google ti sọ ọ́ ní gbangba ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009 pé òun kì í lò ó láti pinnu ipò ojú-ewé.

Ẹ̀ṣẹ̀ kẹrin: kò sí ẹlẹ́rìí. Kò sí ojú-ewé kan láyé tí ó tọ́ka sí tèmi.

Ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìkánjú mú mi. Ọ̀rẹ́ kan júwe ọ̀gbẹ́ni kan fún mi ní Òṣogbo, tí ó ní láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá òun yóò gbé mi dé òkè pátápátá. Mo sanwó fún un. N kò ní sọ iye rẹ̀, nítorí pé ìyàwó mi máa ń ka ojú-ewé yìí. Ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà ṣe ni pé ó kọ “ila orangun ila osun oriki ila” léraléra sí ìsàlẹ̀ gbogbo ojú-ewé mi, ó fi àwọ̀ funfun kọ ọ́ sórí funfun kí ojú ènìyàn má baà rí i. Lẹ́yìn èyí, ó lọ ra ìjápọ̀ fún mi lórí àwọn ojú òpó tẹ́tẹ́ àti ti oògùn ìpara. Ní ọ̀sẹ̀ kejì mo rí ara mi lókè, mo sì yọ̀. Ní oṣù kejì, n kò rí ara mi níbì kankan mọ́.

Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹlòmíràn, tèmi ni. Ó ti pẹ́ tí òfin ti wà lòdì sí irú iṣẹ́ yìí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, Google gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní Penguin, láti dá àwọn tí ó ń ra ìjápọ̀ mọ̀ àti láti rẹ̀ wọ́n sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ lójú-ewé pẹ̀lú wà lára ohun tí wọ́n kà léèwọ̀. Ẹni tí ó bá ní owó lè ra àyè ìpolówó, wọn yóò sì kọ ọ́ sí i pé ìpolówó ni. Ṣùgbọ́n àwọn èsì tí kì í ṣe ìpolówó kò ní iye owó, ẹni tí ó bá sì ní òun yóò tà á fún ọ, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń tà. Ẹ̀rí tí a fi owó rà kì í pẹ́ tú níwájú àwọn ìjòyè. Níwájú ẹ̀rọ náà, bákan náà ni.

Mo wá fara balẹ̀. Mo nu gbogbo ohun tí ọ̀gbẹ́ni náà kọ kúrò, mo kọ̀wé sí ẹ̀rọ ìwádìí pé kí ó má ka àwọn ìjápọ̀ rírà náà mọ́ mi lọ́rùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀.

Mo tún oríkì ìyá mi tẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo sì gbé ohùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìlànà Unicode ni mo lò. Ìlànà yìí fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ayé ní nọ́ńbà tirẹ̀: ẹ jẹ́ 1EB9, ọ jẹ́ 1ECD, ṣ jẹ́ 1E63. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a ń kọ́kọ́ tẹ̀, kí a tó fi àmì òkè, 0301, lé e lórí. Àwọn kan sì wà tí wọ́n ń lo ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì tótó. Lójú, ọ̀kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà wọn yàtọ̀, ẹ̀rọ sì lè kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ méjì. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ sì dúró tì í. Pátákó ìtẹ̀wé tí a lè fi tẹ gbogbo àmì wọ̀nyí wà lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí. N kò mọ àwáwí tí a tún ní.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù fún mi ni ti àmì ohùn. Olùkọ́ Yorùbá ni mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fi ẹnu kò lórí àkọtọ́ òde òní ní 1974, àwọn olùkọ́ tiwa kò fi ọ̀rọ̀ àmì ṣeré pẹ̀lú wa, èmi náà kò sì fi ṣeré pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Nígbà tí ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n bọ́ gbogbo àmì kúrò kí àwọn ènìyàn lè rí mi, mo bínú. Ṣùgbọ́n mo rántí ọmọ mi tí ó tẹ “oriki ila” ní ilẹ̀ òkèèrè. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó fi tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni. Ṣé kí n sọ fún un pé kí ó lọ kọ́ àmì ohùn ná, kí ó tó lè gbọ́ ohùn ìyá àgbà rẹ̀?

Ìpinnu tí mo ṣe ni èyí. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ojú-ewé ni mo fi àmì sí pátápátá, nítorí pé Yorùbá tí kò ní àmì ń ṣi ni lọ́nà. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ojú-ewé, mo fi “ila-orangun” sí i láìsí àmì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, mo kọ gbólóhùn kan ní gbangba pé: ìlú Ìlá Ọ̀ràngún, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ ní Ila Orangun tàbí Ila-Orangun, wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Mo tún sọ pé Ìgbónnà ni àwọn mìíràn ń pe Ìgbómìnà, àti pé “Igbona” ni Samuel Johnson kọ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní 1921. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó wúlò fún ẹni tí ó ń kà á, kò sì fara pamọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín iṣẹ́ yìí àti ti ọ̀gbẹ́ni Òṣogbo nìyẹn: ènìyàn ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ sì ń gbọ́ níbẹ̀.

Mo fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ojú-ewé tirẹ̀ pẹ̀lú àkọlé tí ó sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Mo kọ́ èyí lára YorubaName.com tí Kọ́lá Túbọ̀sún bẹ̀rẹ̀ ní 2015, níbi tí orúkọ kọ̀ọ̀kan ti ní ojú-ewé tirẹ̀. Ẹni tí ó ń wá orúkọ kan kò ní láti la ẹgbẹ̀rún orúkọ mìíràn kọjá. Mo dín àwọn àwòrán mi kù kí wọ́n lè tètè ṣí lórí fóònù, nítorí pé fóònù ni ọ̀pọ̀ wa fi ń wo ayélujára, Google pẹ̀lú sì ti ń wo bí ojú-ewé ṣe rọrùn tó lórí fóònù láti 2015. Mo kọ àlàyé sí ẹ̀yìn fọ́tò kọ̀ọ̀kan, mo sì fi “yo” sí ibi tí a ti ń sọ èdè ojú-ewé, kí ẹ̀rọ àti àwọn ohun èlò tí ń ka ìwé sí etí afọ́jú lè mọ̀ pé Yorùbá ni.

Ó wá ku ẹlẹ́rìí. Èyí ni kò ṣeé fi ọwọ́ kan ṣe. Mo tọ ọ̀rẹ́ mi kan lọ ní Òkè-Ìlá, a sì jókòó pọ̀ lọ́jọ́ méjì. A ya oríkì ìlú méjèèjì sọ́tọ̀, ó kọ ti wọn, mo kọ tiwa, a sì kọ àlàyé sí ìsàlẹ̀ pé ọmọ ìyá ni wá ṣùgbọ́n ẹnu wa kì í ṣe ọ̀kan. Ó tọ́ka sí tèmi, mo tọ́ka sí tirẹ̀. Olùkọ́ kan fi í sínú àkọsílẹ̀ tí ó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ ọmọ Ìlá kan lókè òkun fi í sí ojú òpó wọn. Mo tún ṣe àtúnṣe díẹ̀ sí ohun tí Wikipedia Yorùbá sọ nípa ìlú wa. Láti 2007 ni Wikipedia ti ń fi àmì sí àwọn ìjápọ̀ tí ó jáde lọ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ pé kí ẹ̀rọ ìwádìí má kà wọ́n sí ẹ̀rí, nítorí náà kò sí èrè ipò níbẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò bá òtítọ́ pàdé, ìyẹn náà tó.

Kò yára. Oṣù kan kọjá, méjì kọjá, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́fà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí n kò mọ̀ rí. Ọ̀kan bi mí ní ìbéèrè lórí ogun Kírìjí àti ipa tí Ìlá kó nínú Èkìtì Parapọ̀. Òmíràn bá mi jiyàn lórí orúkọ Ìgbómìnà. Inú mi dùn sí iyàn náà. Ẹni tí a kò rí, a kì í bá a jiyàn.

Ẹ̀yin náà mọ ìtàn orúkọ yẹn. Wọ́n ní Odùduwà fún Ọ̀ràngún ní ògbó kan, àdá tí ó ń la igbó níwájú rẹ̀, tí ó sì ń fọ̀nà hàn án, Ọ̀ràngún sì ń wí pé, “Ògbó mi mọ̀nà.” Nígbà tí mo wà lọ́mọdé mo rò pé ògbó náà ń dá rìn ni. Nísinsìnyí, ohun tí mo rò ni pé àdá kì í là ju ibi tí ọwọ́ bá darí rẹ̀ sí. Ẹ̀rọ ìwádìí ni ògbó tí ọwọ́ àwọn ọmọ wa bá láyé. Ibi tí a bá ti la ọ̀nà sí ni yóò mú wọn gbà.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti le sí i. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Google ti ń túmọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, láti 2024 ni ó sì ti ń fi ìdáhùn tí ẹ̀rọ kọ sí òkè àwọn èsì fún ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Ẹni tí ó ń wá nǹkan lè má ṣí ojú-ewé kankan mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé oríkì àdàlù nìkan ni ẹ̀rọ náà rí kà, oríkì àdàlù ni yóò sọ fún ọmọ yín, yóò sì sọ ọ́ bí ẹni tí ó dá a lójú. Nítorí náà, ẹ̀yin tí àgbà ṣì wà lọ́dọ̀ yín, ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ lónìí, ẹ tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pẹ̀lú àmì, ẹ fún un ní àkọlé tí ó ní orúkọ ìlú yín nínú, kí ẹ sì tọ́ka sí ara yín. Kò gba owó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 2018, ọmọ mi tún pè. N kò tíì sọ fún un pé mo ti ṣe àtúnṣe, n kò sì fún un ní àdírẹ́sì kankan. Ó ní ọmọ rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀, òun sì tún dán ìwádìí náà wò lálẹ́ ọjọ́ kan, ohun kan náà tí òun tẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun kàn fi Orangun kún un ni. Ó dákẹ́ díẹ̀. Mo ń gbọ́ ìró kan lẹ́yìn rẹ̀ nínú yàrá, ohùn obìnrin, tí ó ń lọ sókè sódò bí mo ti mọ̀ ọ́n láti kékeré.

Ó ní, “Bàbá, Màmá ni o. Mo ti rí wọn.”

Ẹ̀yin olùkàwé mi, ó dìgbà kan ná. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí ohùn àwọn ìyá wa run.